"Ta Ló Ní Kó O Wọ Mọ́tò Yẹn?": Ìkìlọ̀ àti Ẹ̀bi nínú Ìtàn Bọ́láńlé

Ní ọdún tó kọjá, a ka ìwé ìtàn àròsọ The Secret Lives of Baba Segi's Wives ní kíláàsì wa. Lọlá Shónẹ́yìn ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2010. Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní kí á máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a bá kà, torí pé Ìbàdàn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Yorùbá sì ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi ń bá ara wọn jà. Nígbà tí a dé ibi tí Bọ́láńlé, ọmọ ọdún 15, ti wọ mọ́tò ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tí ọkùnrin náà sì fipá bá a lò pọ̀, olùkọ́ béèrè pé kí ni a rí sí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní, "Ta ló ní kó wọ mọ́tò ẹni tí kò mọ̀?"

Kí n má parọ́, inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Yorùbá tó já gaara ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mọ́mì mi àti àwọn àǹtí mi ní Peckham, kò sì sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Olùkọ́ wò mí, ó ní, "Ó dáa. Ta wá ni 'ta' tó wà nínú gbólóhùn rẹ?" Mi ò rí i dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó sì jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá sí kíláàsì. Mi ò béèrè ìdí, kò sì sọ ọ́. Àpilẹ̀kọ yìí ni ìdáhùn tí mi ò rí fún olùkọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí gírámà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló kó mi sí wàhálà. Nínú Yorùbá, "ta ni" la fi ń béèrè ènìyàn. Bí mo bá ní "Ta ló jẹ ẹran?", ẹni tó jẹ ẹran ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n "Ta ló ní kó o wọ mọ́tò yẹn?" kò wá ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ ni "kò sẹ́ni tó ní kí n wọ̀ ọ́", ìyẹn ni pé ọwọ́ ara rẹ lo fi fà á. Ẹ ò rí nǹkan? Gbólóhùn náà fi "ta" bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kí á béèrè rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Mọ́tò wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wa mọ́tò náà kò sí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ka ìwé náà: Bàbá Sẹ̀gi, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ti ní ìyàwó mẹ́ta nílé, Ìyá Sẹ̀gi, Ìyá Tọ́pẹ́ àti Ìyá Fẹ́mi, kó tó fẹ́ Bọ́láńlé tó jáde ní yunifásítì ṣe ìkẹrin. Ìjà orogún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí nínú rẹ̀, ó sì pani lẹ́rìn-ín gan-an (wọ́n fi ṣe eré ní gbọ̀ngàn Arcola ní London níbí ní 2018, Rótìmí Bábátúndé ló sọ ọ́ di eré orí ìtàgé). Ohun tí gbogbo ará ilé ń béèrè ni pé kí ló dé tí Bọ́láńlé kò lóyún. N kò ní sọ ìdáhùn ìyẹn, kí n má ba adùn ìwé náà jẹ́ fún yín. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: kí ló dé tí ọmọ tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ fi lọ sá pamọ́ sínú ilé olórogún?

Inú mọ́tò yẹn ni ìdáhùn wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọmọ ọdún 15 di oyún. Ó ṣẹ́ oyún náà níkọ̀kọ̀. Ìyá rẹ̀ le, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun ta gbogbo ọmọ yòókù yọ. Ọmọ náà kò lè bá a sọ ọ́. Ìwà ìkà ọkùnrin yẹn kò gba ọjọ́ kan tán, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e gba ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn ilé Bàbá Sẹ̀gi fún un.

Kò sí ọmọbìnrin Yorùbá tí kò ti mọ ìkìlọ̀ náà kó tó ṣí ìwé yìí. "Má wọ mọ́tò ẹni tí o ò mọ̀." Ìkìlọ̀ gidi ni, ìfẹ́ ló sì bí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Bí ọmọ náà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gbólóhùn tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Mo wọ mọ́tò ẹni tí mi ò mọ̀." Kó tó dé orí ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yẹn, ó ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àìgbọràn tirẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ báyẹn? Ohun tí wọ́n fi dáàbò bò ó ti di àgádágodo sí i lẹ́nu. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ ní láti halẹ̀ mọ́ ọn pé kó má sọ. Ilé ti bá a halẹ̀ tán.

Èdè wa náà ń ti ìdákẹ́ yìí lẹ́yìn. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ènìyàn láìdárúkọ ẹni tó ṣe é, "wọ́n" la máa ń lò: "Wọ́n jí fóònù mi." "Wọ́n fipá bá a lò." Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é, àmọ́ ó ti di "wọ́n", kò lójú, kò nímú. (Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì sàn jù, ẹ ka àkọlé ìwé ìròyìn wọn, ẹ óò rí i pé obìnrin ni wọ́n máa ń fi síwájú, tí wọ́n á sì gbàgbé ọkùnrin.) Èyí tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni "ó bà á jẹ́", tí àwọn àgbà máa ń lò nígbà tí wọn kò bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọbẹ̀ ló ń bàjẹ́, mọ́tò ló ń bàjẹ́. "Ọmọ tó ti bàjẹ́" sì ni a tún máa ń pe ọmọ tó ń hu ìwàkíwà. Ọ̀rọ̀ kan náà la wá ń lò fún ẹni tí wọ́n ṣe ní ìkà àti ẹni tí ìwà rẹ̀ kò dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá bíi tèmi, ẹ má fi ojú òwúyẹ́ wo ọ̀rọ̀ gígùn náà "ìfipábánilòpọ̀". Ó ṣòro láti pè, mo mọ̀, àmọ́ "ipá" wà nínú rẹ̀, ipá sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó lò ó.

Nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, obìnrin tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láàárín 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó: lẹ́tà obìnrin kan tí àìsàn dá gúnlẹ̀, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ayé rẹ̀ kí àwọn ọmọge lè fi í kọ́gbọ́n. Ohun tí a retí látẹnu obìnrin nìyẹn, kó sọ ìyà tó jẹ ẹ́, kó sì so ẹ̀kọ́ mọ́ ọn nídìí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bọ́láńlé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè fi í kọ́gbọ́n, ó kàn sọ ọ́ ni. Lójú tèmi, èyí ni ohun tó dára jù lọ tí Shónẹ́yìn ṣe. Àwa òǹkàwé la máa ń wá ẹ̀kọ́ so mọ́ ọn, bí èmi ṣe ṣe ní kíláàsì.

Ibi kan ni ọ̀rọ̀ èmi àti òǹkọ̀wé kò ti wọ̀ dáadáa. Ọkùnrin náà kò pẹ́ nínú ìwé. Kò sí ẹjọ́ fún un, ó ṣe ohun tó ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé àléébù ìwé ni. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé bí ayé gan-an ṣe máa ń fi í sílẹ̀ ni ìwé náà ṣe fi í sílẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì ń bí mi nínú pé mo mọ oúnjẹ tí Bàbá Sẹ̀gi fẹ́ràn ju bí mo ṣe mọ ọkùnrin yẹn lọ.

Ṣé kí àwọn ìyá wa wá dákẹ́ ni? Rárá o. Ẹnì kan ní kíláàsì sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún obìnrin mọ́, pé àwọn ọkùnrin ni kí á lọ kìlọ̀ fún. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà. Ẹni tó bímọ kò lè dúró de ọjọ́ tí gbogbo ọkùnrin ayé máa ronú pìwà dà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014, tí UNICEF lọ́wọ́ sí, fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 4, nǹkan bí 1 ti rí irú ìwà ipá yìí kó tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin 10, 1 ni. (Ta ló ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin? Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún bọ̀dá mi rí.) Ìyá tó bá gbọ́ irú èyí kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀.

Ohun tó yẹ kí á yẹ̀ wò ni irú ìkìlọ̀ tí a ń ṣe. Ti aṣọ kò gba àkókò. Ní oṣù Kejìlá 2018, àwọn obìnrin wọ́de ní ọjà Yábàá ní Èkó nítorí bí àwọn kan ṣe máa ń fà wọ́n lápá, tí wọ́n ń fọwọ́ kàn wọ́n lára nígbà tí wọ́n bá wá rajà. Ẹni tó bá ti rìn nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ yẹn kì í ka aṣọ kó tó nà jáde.

Ti òkùnkùn àti títì ló yẹ kí á dúró lé, torí òun ni wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ London. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 2021, obìnrin ọmọ ọdún 33 kan ń fẹsẹ̀ rìn láti Clapham lọ sílé rẹ̀ ní Brixton. Ilé àǹtí mi kò jìnnà sí ọ̀nà yẹn, èmi náà sì máa ń gbà á. Títì ńlá tó ní iná ló gbà. Aṣọ tó hàn kedere ló wọ̀. Ó bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù bó ṣe ń lọ. Ọlọ́pàá kan ló dá a dúró, ó díbọ́n pé òun mú un, ó gbé e lọ, ó fipá bá a lò, ó sì pa á. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọkùnrin yẹn, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá London gbé ìmọ̀ràn tuntun jáde: bí ọlọ́pàá kan ṣoṣo bá dá ọ dúró tí ara ń fu ọ́, bi í léèrè ọ̀rọ̀, ké sí ẹni tó ń kọjá, sá wọ ilé kan, tàbí kí o dá bọ́ọ̀sì dúró. Lọ́jọ́ kejì, Philip Allott, tó jẹ́ alábòójútó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá fún North Yorkshire, sọ lórí rédíò pé kò yẹ kí obìnrin náà gbà kí wọ́n mú un, pé kí àwọn obìnrin máa lajú sí òfin. Ariwo pọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù kan náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Torí náà wọ́n ní láti lọ wá òmíràn tí kò ṣe. Mọ́mì mi máa ń sọ fún mi pé bí ẹ̀rù bá ń bà mí lóru, kí n wá ọlọ́pàá. Ó ti wá di pé bí mo bá rí ọlọ́pàá, kí n wá bọ́ọ̀sì. Irú ìkìlọ̀ yìí kò lè tán láé, torí kì í ṣe ewu ló ń tẹ̀ lé, ẹ̀yìn ẹni tó ti kàgbákò ló máa ń tọ̀. Ní ọdún kan ṣáájú, ní Benin, inú ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ yunifásítì kan, ọmọ ọdún 22, ti lọ jókòó kàwé ni wọ́n ti ṣe é léṣe tó fi kú. Ìkìlọ̀ wo ló kù tí a fẹ́ ṣe fún ẹni tó lọ kàwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì?

Síbẹ̀, ìkìlọ̀ kan wà tó ń ṣiṣẹ́, a sì ní ẹ̀rí rẹ̀. Ní Kánádà, Charlene Senn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún kìíní 893 ní yunifásítì mẹ́ta, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n fún apá kan ní ìwé pélébé lásán bí àwọn yunifásítì ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kọ́ apá kejì fún wákàtí 12. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n fipá bá lò nínú àwọn tó gba ìwé pélébé jẹ́ 9.8 nínú 100. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́, 5.2 ni. Kí ni wọ́n wá kọ́ wọn? Kì í ṣe gígùn síkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tètè rí i pé ẹni tí wọ́n mọ̀, ọ̀rẹ́, àfẹ́sọ́nà, ẹlẹgbẹ́ ní kíláàsì, ti ń fi ọgbọ́n tì wọ́n sí kọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ wọn pé wọ́n lè bí onítọ̀hún nínú láìsí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìwà ọmọlúàbí wọn, pé wọ́n lè pariwo, wọ́n lè jà. Wọ́n sì sọ fún wọn pé, bó ti wù kó rí, ẹni tó ṣe é ló lẹ̀bi.

Nígbà tí mo kà á, bí wọ́n ṣe tọ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo ìkìlọ̀ tí mo gbọ́ nílé dá lórí ẹni tí mi ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn léraléra pé ẹni tí obìnrin mọ̀ ló máa ń ṣe é fún un jù lọ. Wọ́n kọ́ mi pé kí n kúnlẹ̀ kí bọ̀dá tó bá wọlé. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má yájú sí àgbà. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè dìde kúrò níwájú bọ̀dá náà.

Òwe kan wà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí wé, torí olùkọ́ wa ló pa á fún mi lẹ́yìn kíláàsì: "Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ." (Ẹranko igbó tó ń gbé adìẹ jẹ ni akátá tí à ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà ti lè gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èébú fún àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀. Ìyẹn kọ́ là ń sọ níbí, ẹ má sì lò ó bẹ́ẹ̀.) Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo rò pé òwe náà ń sọ ni pé adìẹ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí á ní sùúrù díẹ̀ kí á tó nà án. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń pa á ní "ká tó bá adìẹ wí". Àmọ́ nínú èyí tí olùkọ́ fún mi, "fàbọ̀ bá" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀, kò sí "wí" nínú rẹ̀. Òwe kàn ní kí á padà sọ́dọ̀ adìẹ ni. Èèyàn lè mú àgbàdo padà wá. Ó lè mú òògùn egbò padà wá. Ó sì lè padà wá sọ fún un pé bí akátá bá tún yọjú, igbe ni kó ké, kó má ronú pé igbe yóò dí ẹnikẹ́ni lóorun. Àwa la fi ìbáwí kún un.

Ìṣòro tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ni pé a kò tilẹ̀ lé akátá rárá kí á tó yíjú sí adìẹ. Nígbà mìíràn akátá wà ní pálọ̀, ó ń jẹ iyán.

Nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ yìí lọ́wọ́, mo pe mọ́mì mi lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má wọ mọ́tò ẹni tí mi ò mọ̀. Ká ní mo ti wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Wọn ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni?"

Mo ní rárá, iṣẹ́ kíláàsì ni. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Tó bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè. Bó ti wù kó rí. Má wẹ̀, má fọ aṣọ, kó o pè mí. Haven kan wà ní Camberwell níbí, wọ́n á tọ́jú ẹ, kò di dandan kó o kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́pàá. Ní Ìkẹjà náà, Mirabel wà níbẹ̀ láti 2013. Mi ò ní bi ẹ́ pé ta ló ní kó o wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

Wọ́n ní, "O ò béèrè rí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.